Irin Inú Eegun Ẹ̀yìn àti Ohun Tí Ó Lè Tẹ̀lé e Lẹ́yìn Ọdún Púpọ̀

Ọ̀rọ̀ wa lónìí kan àwọn tí a ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní eegun ẹ̀yìn, tí àwọn oníṣègùn sì fi irin sí i kí ó lè dúró ṣinṣin. Irú wọn kò ṣọ̀wọ́n láàárín wa ní Àbújá. Òmíràn kàgbákò ọkọ̀ ní ọ̀nà Lọ́kọ́ja. Òmíràn, ikọ́ ẹ̀gbẹ ni ó jẹ eegun ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi yọ iké. Òmíràn sì jẹ́ ọmọdé tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń wọ́ bí ó ti ń dàgbà. (Ẹ jọ̀wọ́, kí a má máa sọ pé ayé ni ó ń ṣe irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Àìsàn ni.)

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, Dókítà Paul Harrington ní ìlú Houston ní Amẹ́ríkà ń tọ́jú àwọn ọmọ tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú kí ẹ̀yìn wọn wọ́. Ó ṣe ọ̀pá irin tí a ń fi ìkọ́ há mọ́ eegun lókè àti nísàlẹ̀, ó sì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1962. Ọ̀pọ̀ ọmọ rí ìtura. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ènìyàn kì í ṣe òpó iná; ó yẹ kí ó tẹ̀ sínú díẹ̀ níbi ìbàdí. Níbi tí ọ̀pá náà bá ti na ìbàdí jù, àwọn kan rí i lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé àwọn kò lè nàró ṣánṣán mọ́. Wọn a tẹ orúnkún kí ojú wọn tó lè wo iwájú. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́ abẹ òde òní fi ń tẹ irin náà kí ó bá ìrísí ẹ̀yìn mu.

Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níhìn-ín, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oheneba Boachie-Adjei, ọmọ Gánà tí ó ṣiṣẹ́ ní New York fún ọdún púpọ̀, dá ẹgbẹ́ FOCOS sílẹ̀ ní 1998. Ilé ìwòsàn wọn ní Pantang, lẹ́bàá Àkrà, ṣí ní 2012. Láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, títí dé Ethiopia, ni wọ́n ti ń gbé ọmọ wá síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn tí ó ti ká bí ìwọ̀. Wọn a fi òrùka irin de orí àwọn tí tiwọn le jù, wọn a sì máa fà á díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí wọ́n tó fi abẹ kàn án. Lẹ́yìn èyí, ọmọ a padà sí ìlú rẹ̀. Ta ni yóò máa ṣọ́ irin náà níbẹ̀?

Kí a mọ̀ pé irin kọ́ ni ó ń wo ẹ̀yìn sàn, eegun ni. Irin kàn ń dì í mú ni, bí igi tí a fi ti ògiri tuntun, títí eegun yóò fi so pọ̀. Bí eegun kò bá so, gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ ni irin ń tẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí ó bá ti tẹ wáyà síwá sẹ́yìn rí mọ ibi tí yóò yọrí sí. Ó lè ṣẹ́ lẹ́yìn ọdún méjì, mẹ́ta, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sìgá mímu wà lára ohun tí ń dí eegun lọ́wọ́ láti so.

Èyí tí ó máa ń tan ènìyàn jẹ jù ni ti kòkòrò àrùn. Àwọn kan wà tí ń gbé jẹ́jẹ́ ní awọ ara gbogbo wa. Bí díẹ̀ nínú wọn bá bá irin wọlé, wọ́n lè lẹ̀ mọ́ ọn, kí wọ́n ta ìbòrí yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀ bo ara wọn, kí wọ́n sì dákẹ́ fún ọdún púpọ̀. Ó lè má sí ibà rárá. Ẹ̀yìn kàn ń ro ni, ojú àpá wú díẹ̀, omi sì ń yọ níbẹ̀. Àwọn ará ilé a ní eéwo ni, wọn a ra kápúsù. Yóò gbẹ, yóò tún padà, nítorí oògùn kì í ráyè dé abẹ́ ìbòrí náà dáadáa. Lọ́pọ̀ ìgbà, a ní láti ṣí ibẹ̀, kí a fọ̀ ọ́, kí a sì yọ irin náà bí eegun bá ti so.

Àwọn eegun tí ó wà lókè àti nísàlẹ̀ irin náà a tún máa gbó kíákíá, nítorí àwọn ni wọ́n ń ru ẹrù èyí tí kò lè tẹ̀ mọ́.

Nínú iṣẹ́ wa lọ́dọ̀ àwọn aláìsàn, ìtìjú ni ó dùn wá jù. Ẹni tí ó ti ṣe ìdúpẹ́ ní Mísà, tí gbogbo ìjọ bá jó, kì í fẹ́ sọ pé ìrora ti padà. Ó rò pé wọn yóò ní ìgbàgbọ́ òun kéré. Ará, ìdúpẹ́ yẹn kò bàjẹ́. Ẹ sọ̀rọ̀ jáde! Kí ẹ má sì jẹ́ kí teguntegun kankan fa ẹ̀yìn náà. Bí ẹsẹ̀ bá ń kú tipiri, tàbí tí ìtọ̀ kò gbọ́ràn mọ́, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an, ìbáà jẹ́ National Hospital níhìn-ín, ti Gwagwalada, tàbí Igbóbì ní Èkó.

Kí olúkúlùkù tọ́jú ìwé iṣẹ́ abẹ rẹ̀, èyí tí ó sọ irú irin tí wọ́n lò àti ọjọ́ tí wọ́n fi sí i. Bí ó bá ti sọnù, ẹ béèrè ẹ̀dà rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ṣe é. Ẹ mú àwòrán X-ray àtijọ́ dání pẹ̀lú, nítorí bí dókítà bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tuntun ni yóò fi mọ̀ bóyá irin náà ti sún.