Bí Ọjà Ṣíà Bá Mì, Ta Ló Mọ Ewúrẹ́ Tiwa?

Ní ìpàdé tó kọjá, ọ̀rọ̀ kan dá àríyànjiyàn sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú mọ́ wa lórí. Ọ̀rọ̀ náà ni pé: owó ọjọ́ pípẹ́ tí ẹgbẹ́ yà sọ́tọ̀, ṣé kí a kó o sínú àpò àjùmọ̀ní pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn ni, tàbí kí a wá ẹni tí yóò máa bá wa mójútó o nínú àkáǹtì tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ wa nìkan? Àwọn kan tilẹ̀ ní kí a má sún mọ́ ọjà ṣíà mọ́ láyé. A kò bá wọn jà. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ọdún 2008 ni ejò náà bù wá jẹ. Bí ẹ̀yin àgbà inú wa ti mọ̀, tíṣà ń ra ṣíà nígbà náà, awakọ̀ ń rà, alájàpá ń rà. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta ọdún 2008, òǹkà tí wọ́n fi ń wọn gbogbo ọjà ṣíà Nàìjíríà ní Èkó ga dé 66,371. Nígbà tí yóò fi di òpin oṣù kẹta ọdún 2009, kò pé 20,000 mọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó fi ₦100 tẹ̀lé ọjà náà, nǹkan bí ₦30 ló bá bọ̀. Ọdún 2023 ni òǹkà náà tó tún kọjá ibi tó ti já bọ́. Ọdún 15! Náírà tí a fi ń ka owó náà kò sì rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́: dọ́là kan tó jẹ́ nǹkan bí ₦120 ní 2008 ti kọjá ₦700 ní 2023.

Kí ló fà á? Gbèsè ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ra ṣíà. Báǹkì yá wọn lówó, ṣíà náà ni wọ́n fi dúró. Nígbà tí owó ṣíà wálẹ̀, báǹkì ní kí wọ́n tà á kí wọ́n san gbèsè, títà náà sì tún já a wálẹ̀ sí i. Àwọn òyìnbó tó kó owó wá náà ń kó tiwọn lọ, nítorí iná ń jó nílé tiwọn. Ṣíà míràn tilẹ̀ wà tí kò padà mọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, báǹkì àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ Afribank, Bank PHB àti Spring Bank. Owó tí àwọn ènìyàn fi pamọ́ síbẹ̀ kò sọnù, ṣùgbọ́n owó àwọn oníṣíà wọlẹ̀.

Ní ti àwa, àdánù méjì ló bá wa. Èkíní ni pé ọjà wálẹ̀. Ìyẹn kan gbogbo ayé. Èkejì ló dùn wá jù. Alágbàtà tí a gbé owó fún, a kò ní dárúkọ rẹ̀, kó tiwa pọ̀ mọ́ ti àwọn oníbàárà rẹ̀ yòókù lábẹ́ orúkọ ara rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rù ba àwọn yòókù, wọ́n sáré wá gba tiwọn. Ṣíà tó yá tà ló ń tà fi san fún wọn, èyí tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ rà ló kù sílẹ̀ fún àwa tí a mú sùúrù. A béèrè pé èwo gan-an ni tiwa, kò rí ìwé kankan fi hàn wá. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan fẹ́ fi owó rẹ̀ rán ọmọ lọ sí yunifásítì. Ọmọ náà jókòó sílé fún ọdún kan. Bàbá rẹ̀ kò bú wa, ó kàn dákẹ́ ni. Ìdákẹ́ yẹn ṣì ń dùn wá títí di òní.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí àkáǹtì àdáni jẹ́. Ẹ̀yin tó ń sin ẹran ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Bí a bá fún ènìyàn ní ewúrẹ́ ní àgbàsìn, ewúrẹ́ náà kò di tirẹ̀. Ó ń bọ́ ọ, ó ń gba tirẹ̀ nínú ọmọ tó bá bí, ṣùgbọ́n bí a bá débẹ̀, a ó nawọ́ sí i pé èyí ni tiwa. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí. Alámòójútó tó gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ SEC, àjọ tí ìjọba fi ń ṣọ́ ọjà ṣíà, ni yóò máa rà tí yóò máa tà gẹ́gẹ́ bí a bá ti jọ kọ ọ́ sílẹ̀. Orúkọ ẹgbẹ́ wa ni yóò wà lórí ṣíà náà lọ́dọ̀ CSCS ní Èkó, tó ti ń pa àkọsílẹ̀ oníṣíà mọ́ láti 1997. Báǹkì olùtọ́jú ni yóò sì di owó mú. Ọwọ́ tó ń rà kọ́ ni ọwọ́ tó ń pa á mọ́. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mọ èyí nínú owó ìfẹ̀yìntì yín: láti ìgbà òfin 2004, ilé iṣẹ́ kan ló ń mójútó o, òmíràn ló ń tọ́jú rẹ̀.

Bí ọjà bá mì, àǹfààní rẹ̀ dà bíi ti ẹ̀gẹ́. Bí owó gaàrí àti láfún bá wálẹ̀ ní Láfẹ́nwá, àgbẹ̀ tí kò jẹ gbèsè lè fi ẹ̀gẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ilẹ̀ di ìgbà díẹ̀ sí i. Ìbẹ̀rù aládùúgbò kò lè mú un wu ú, nítorí oko rẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Àkáǹtì àdáni kò ní kí ọjà má wálẹ̀. Owó iṣẹ́ alámòójútó wà níbẹ̀, owó kékeré kò sì tó o ṣe. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, àpò àjùmọ̀ní tí SEC fọwọ́ sí dára fún un, òfin sì ní kí ẹni tó ń ṣọ́ ọ wà. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé àkáǹtì àdáni gbà wá lọ́wọ́ ìbẹ̀rù ẹlòmíràn, kò gbà wá lọ́wọ́ ìbẹ̀rù tiwa. Ọjọ́ tí ọjà bá já, àwa fúnra wa lè pariwo pé kí wọ́n tà á. Nítorí náà, ìgbà tí ara bá balẹ̀ ni a ó kọ òfin rẹ̀. Èyí ni ohun tí ìgbìmọ̀ fẹ́ gbé wá síwájú yín:

1. Owó tí ọmọ ẹgbẹ́ lè wá yá tàbí gbà láàrin ọdún mẹ́ta kò gbọ́dọ̀ wọ ọjà ṣíà rárá.

2. Nínú ₦100 tó bá kù, kí ₦60 wà nínú ìwé ẹ̀yáwó ìjọba, kí ₦40 wà nínú ṣíà. Bí ti 2008 bá tún dé, ₦40 náà lè di ₦12, ṣùgbọ́n ₦72 yóò ṣì wà nílẹ̀, yàtọ̀ sí èlé.

3. A kò ní yá owó ra ṣíà láéláé.

4. Alámòójútó kò gbọ́dọ̀ gba owó sí àkáǹtì ara rẹ̀. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, a ó fi ìwé rẹ̀ wé ti CSCS àti ti báǹkì, a ó sì kà á sí yín létí.

5. Bí ọjà bá já, ẹnì kan kò lè dá pàṣẹ pé kí a tà. Ìgbìmọ̀ yóò jókòó lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀sẹ̀ méjì yóò sì wà láàrin ìjókòó méjèèjì.

A kò ní fi kọ́bọ̀ kan síbẹ̀ kí ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Abẹ́òkúta tó fọwọ́ sí i. Ìpàdé gbogbogbòò ń bọ̀. Ẹni tó bá ní kí á ṣe é, kí ó wá. Ẹni tó bá ní kí á má ṣe é, kí òun náà wá. Àjẹṣẹ́kù ni orúkọ wa: a jẹ, a sì ṣẹ́ díẹ̀ kù. Èyí tí a ṣẹ́ kù yìí, ó yẹ kí a mọ ibi tí a so ó mọ́.

Ire o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, ní orúkọ ìgbìmọ̀, Alábàtà.