Òòfà tí ń fi inú orí hàn

Omi kan wà nínú ọpọlọ gbogbo ènìyàn. Ó yẹ kí ó máa ṣàn lọ. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ọ̀nà omi yìí a dí nínú orí ọmọ ọwọ́. Àrùn tó wọ ọpọlọ ọmọ tuntun lè fà á. A sì lè bí i mọ́ ọmọ mìíràn. Omi náà a pọ̀ sí i, orí ọmọ a bẹ̀rẹ̀ sí tóbi. Bí ó bá pẹ́, omi a tẹ ọpọlọ. Ọmọ náà lè fọ́jú, ó lè yarọ, ó sì lè kú.

Àwọn kan a ní àjẹ́ ni, tàbí pé ìyá ọmọ ló jẹ èèwọ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àrùn ni. Dókítà tó mọ iṣẹ́ abẹ lè ṣí ọ̀nà fún omi náà. Ṣùgbọ́n kí ó tó fi ọ̀bẹ kan orí ọmọ, ó ní láti mọ ibi tí omi dúró sí. Báwo ni yóò ṣe rí inú orí tí a kò tíì là?

Ẹ̀rọ mélòó kan lè ràn án lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín. Àwọn dókítà wa tó ń sọ Faransé ń pè é ní IRM. Òòfà ló fi ń ṣiṣẹ́.

Òòfà àti omi

Ẹ mọ òòfà, irin tí ń fa irin mọ́ra. Bí ẹ bá tú rédíò tó ti bàjẹ́, ẹ óò rí i lẹ́yìn ibi tí ohùn ti ń jáde. Ẹ̀rọ IRM dà bí àgbá ńlá tí a dà sí ẹ̀gbẹ́. Aláìsàn a dùbúlẹ̀, wọn a tì í wọ inú rẹ̀. Òòfà tó lágbára gan-an ló yí i ká.

Omi ló pọ̀ jù nínú ara wa. Àwọn ohun kín-ń-kín kan wà nínú omi náà tí ojú kò lè rí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣe bí òòfà kékeré. Òòfà ńlá a mú wọn tò. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ a fi ìgbì bíi ti rédíò kàn wọ́n, wọn a sì yí kúrò ní ipò wọn. Bí ìgbì náà bá dákẹ́, wọn a padà, wọn a dáhùn. Kọ̀ǹpútà a sọ ìdáhùn wọn di àwòrán.

Obìnrin tó ń ra ìkòkò lọ́jà a máa fi ìka kàn án, a sì fetí sí ohùn rẹ̀, kí ó lè mọ̀ bóyá ó ti sán. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí ń ṣe. Omi kì í dáhùn bí ọ̀rá, ọ̀rá kì í dáhùn bí ọpọlọ.

Ẹgbẹ́ kan ní Yúróòpù

Kì í ṣe ẹnì kan ló ronú kan gbogbo èyí. Ní ọdún 1946, Felix Bloch àti Edward Purcell ní Amẹ́ríkà, tí olúkúlùkù wọn ń dá ṣiṣẹ́ tirẹ̀, gbọ́ ìdáhùn yìí. Ní 1973, Paul Lauterbur, ní Amẹ́ríkà bákan náà, fi hàn bí a ṣe lè sọ ọ́ di àwòrán. Peter Mansfield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú kí àwòrán náà yá kánkán. Ní 1980, ní ìlú Aberdeen ní Skọ́tlándì, wọ́n fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wo inú ara aláìsàn.

Ìṣòro kan wá yọjú. Ẹni tó mọ òòfà kò mọ àrùn. Ẹni tó mọ àrùn kò mọ òòfà. Ní 1984, ní ìlú Geneva ní Swítsàlandì, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ kí wọ́n lè máa jókòó pọ̀. Dókítà wà níbẹ̀, onímọ̀ físíìsì wà níbẹ̀, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ wà níbẹ̀. Orúkọ ẹgbẹ́ náà gùn. Wọ́n gé e kúrú sí ESMRMB, èyí tí kò rọrùn láti pè náà! Wọ́n ń ṣe ìpàdé, wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ dókítà níṣẹ́, wọ́n sì ní ìwé ìròyìn tiwọn láti 1993. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe àáró yóò mọ ìdí rẹ̀: oko ẹnì kan kì í tètè tán bí ó bá dá a ro.

Àwọn mẹ́fà ní Mbarara

Ẹ̀rọ ńlá yìí wọ́n púpọ̀. Iná mànàmáná rẹ̀ kò gbọdọ̀ máa ṣe ségesège. Òòfà inú rẹ̀ ń fẹ́ òtútù tó jẹ́ pé yìnyín gbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Abúlé mélòó ló lè ní i?

Àwọn onímọ̀ kan ní Nẹ́dálándì ro ọ̀nà mìíràn. Wọ́n fi ọ̀pọ̀ òòfà kéékèèké ṣe ẹ̀rọ kan, wọ́n tò wọ́n sínú òrùka 23. Agbára rẹ̀ tó ìdá kan nínú 30 ti ẹ̀rọ tó wọ́pọ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá. Àwòrán rẹ̀ kò mọ́ tó tirẹ̀, ṣùgbọ́n omi inú orí ọmọ hàn nínú rẹ̀. Kò sì nílò òtútù yẹn.

Ní 2022, wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú kó gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ àti irinṣẹ́ lọ sí yunifásítì ìlú Mbarara ní Ùgáńdà. Olùkọ́ mẹ́rin ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn mẹ́fà tí kò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Láti ọjọ́ tí ẹrù dé títí di ìgbà tí àwòrán àkọ́kọ́ jáde, bíi ọjọ́ 11 ni.

Lójú tiwa, àwọn mẹ́fà yẹn ṣe pàtàkì ju ẹ̀rọ náà lọ. Ẹ rántí àwọn ẹ̀rọ omi tí wọ́n gbé wá sí abúlé wa, tó bàjẹ́, tí kò sí ẹni tó lè tún wọn ṣe. Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ to ẹ̀rọ, ó mọ ibi tí yóò ti tú u.

Bí dókítà bá ní kí ẹ lọ ṣe IRM

Kò ní dùn yín, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ pọ̀. Ẹ bọ́ òrùka, ẹ̀gbà, owó irin, àti oǹdè tó ní irin lára. Òòfà yìí lè já irin gbà lọ́wọ́ ènìyàn, kí ó sì sọ ọ́ lu ẹlòmíràn. Ọdẹ tí ọta ìbọn ṣì wà lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí ó tó wọlé, ì báà ti pẹ́ tó 20 ọdún.

Ní ti ọmọ ọwọ́, ẹ má dúró de ẹ̀rọ kankan. Bí orí rẹ̀ bá ń tóbi kíákíá, bí àwúje rẹ̀ bá wú tó sì le, bí ó bá ń bì, bí ojú rẹ̀ bá ń wo ìsàlẹ̀ nígbà gbogbo, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé kí ó fi okùn wọn orí rẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ọmọ.