Iná Ilé àti Iná Òkèèrè

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá fún yín lónìí kan ẹni tí ó ń múra àti lọ sí òkè òkun. Ó sì kan ẹni tí ó jókòó sílé, ṣùgbọ́n tí ó ní ọmọ tàbí àbúrò tí ń fi ẹrù ránṣẹ́ sí i láti ọ̀hún. Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ni, àti ti nǹkan kékeré kan tí à ń pè ní àdápítọ̀, èyí tí a fi ń mú kí pílọ́ọ̀gì ìlú kan wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ìlú mìíràn.

Àwọn àgbà ní ojú àwo ni àwo fi í gba ọbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìlú kọ̀ọ̀kan ṣe ní bí ó ti ń gba iná tirẹ̀. Ọ̀nà méjì pàtàkì ni iná ìlú kan fi ń yàtọ̀ sí ti òmíràn. Èkíní ni bí ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì ti rí. Èkejì ni ipá tí iná fi ń jáde, èyí tí à ń fi fóòtì wọ̀n. Ojú ń rí ihò, ṣùgbọ́n ojú kì í rí ipá. Bẹ́ẹ̀ ipá yìí gan-an ni ó ń jó ẹrù, tí ó sì lè jó ilé. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun yòókù tí mo bá sọ, ẹ má ṣe gbàgbé èyí: ihò ni àdápítọ̀ ń bá wa tún ṣe, kì í tún ipá ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a fi omi ṣe àpẹẹrẹ. Táǹkì tí a gbé sórí òpó gíga ń ti omi jáde tipátipá ju èyí tí ó wà nílẹ̀ lọ. Bí a bá pààrọ̀ ẹnu ẹ̀rọ omi náà sí irú mìíràn, táǹkì ṣì wà lórí òpó rẹ̀. Ẹnu ẹ̀rọ ni àdápítọ̀. Táǹkì ni iná ìlú.

Ní Nàìjíríà níbí, iná wa jẹ́ nǹkan bíi 230 fóòtì. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó pọ̀ jù nílé wa ni oníhò mẹ́ta pẹlẹbẹ, irú èyí tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi lélẹ̀ ní 1947. Nítorí náà, ẹni tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kò nílò àdápítọ̀ fún pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, nítorí ihò kan náà àti ipá kan náà ni yóò bá níbẹ̀. Ẹni tí ó kàn gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá sí Kútọnu, tàbí tí ó tẹ̀ síwájú dé Lómè, ni yóò bá ihò róbótó méjì, bíi ti ilẹ̀ Faransé. Ṣùgbọ́n 220 fóòtì ni iná wọn, kò sì jìnnà sí tiwa. Àdápítọ̀ lásán ti tó fún un.

Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. 120 fóòtì ni tiwọn, ó kàn lé díẹ̀ ní ìdajì tiwa. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni: nígbà tí Thomas Edison bẹ̀rẹ̀ sí í ta iná fún àwọn ará New York ní 1882, nǹkan bíi 110 fóòtì ni ó lò, wọn kò sì jìnnà sí i láti ìgbà náà. Ní Bùràsílì, ó tún ta kókó ju bẹ́ẹ̀ lọ. 127 fóòtì ni wọ́n ń lò ní Rio de Janeiro, 220 sì ni ti Brasília, bẹ́ẹ̀ irú ihò kan náà ni ìlú méjèèjì ní. Ẹni tí ó bá fi ojú ihò nìkan wò ó yóò ṣìnà.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá fi àdápítọ̀ ki áyọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà bọ iná wa? Ooru rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin. Kò ní pẹ́ tí yóò fi jóná, àfi bí Ọlọ́run bá yọ aṣọ àti tábìlì. Bí ẹ bá sì gbé áyọ́ọ̀nù tiwa lọ sọ́hùn-ún, yóò kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀? Ẹ yí ẹ̀rọ náà dojú dé, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n kọ INPUT sí. Bí ẹ bá rí 100-240V, ọkàn yín balẹ̀, ibi gbogbo ni yóò ti ṣiṣẹ́. Ṣájà fóònù àti ti kọ̀ǹpútà alágbèéká sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 120V nìkan, ó di dandan kí ẹ wá tíráńsífọ́mà, kí wáàtì rẹ̀ sì ju ti ẹ̀rọ náà lọ. Ṣùgbọ́n fún áyọ́ọ̀nù tàbí kẹ́tùlù, tíráńsífọ́mà náà á wúwo jọjọ. Ó sàn kí ẹ ra òmíràn ní ìlú tí ẹ dé.

Bí ẹ bá ń ra àdápítọ̀, ẹ wo ẹsẹ̀ kẹta dáadáa. Bí iná bá ṣèèṣì kan ara irin ẹ̀rọ, òun ni ó ń gbé e lọ sínú ilẹ̀ kí ó má baà gba ara ènìyàn kọjá. Àdápítọ̀ tí kò ní in kò yẹ fún ẹ̀rọ tí a ṣe pẹ̀lú ẹsẹ̀ mẹ́ta. Àṣà kan sì wà nílé wa tí ó yẹ kí a jáwọ́ nínú rẹ̀, èyíinì ni kí a máa fi bírò ṣí ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì fún pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Ìlẹ̀kùn tí wọ́n fi dí ihò náà, nítorí ọwọ́ ọmọdé ni.

Nígbà tí ẹ bá ń di ẹrù, ẹ fi àdápítọ̀ sínú àpò ọwọ́, nítorí àpótí ńlá lè pẹ́ kí ó tó dé. Inú àpò ọwọ́ kan náà ni kí báńkì iná fóònù wà. Àwọn ọkọ̀ òfuurufú kì í gbà á nínú àpótí tí ń lọ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀.

Ìyá tí ń retí ẹrù, ọ̀dọ̀ yín ni n ó fi parí rẹ̀ sí. Ọmọ lè fi ẹ̀rọ tí ń fẹ́ oògùn sínú àyà ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, nítorí ọmọ-ọmọ yín tí ikọ́ fée ń dà láàmú. Bí 120V bá wà nídìí rẹ̀, tí ẹ sì kì í bọ iná wa, ó lè jóná ní òru tí ọmọ náà ń wá èémí. Nítorí náà, kí ọmọ tó sanwó, ẹ sọ fún un pé kí ó ka ìdí ẹ̀rọ náà. Bí ẹrù bá sì ti dé, ẹ̀yin náà ẹ kà á kí ẹ tó kì í bọ iná. Ó dàbọ̀ o.