Ewé Ọ̀ṣọ́ Nínú Ilé Ọlọ́mọ Wẹ́wẹ́

Ewé tútù nínú ìkòkò a máa bu ẹwà kún pálọ̀, ṣùgbọ́n ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń rákò kò gbọdọ̀ fi ẹwà nìkan yan tirẹ̀. Bí ewé bá jọ ti kókò, ẹ ṣọ́ra: ìbátan kókò ni ọ̀pọ̀ wọn, ohun tí ń mú kí kókò tútù yún ni lọ́fun sì wà lára wọn. Lẹ́fúnlọ́sùn tí gbogbo wa mọ̀ wà lára wọn. Èyí tí mo bẹ̀rù jù ni dieffenbachia: igi rẹ̀ ní oríkèé bí ìrèké, ewé rẹ̀ fẹ̀, ó sì funfun láàrin. Bí ọmọ bá gé e jẹ, ahọ́n rẹ̀ lè wú débi tí kò ní lè fọhùn. Ẹ nu ẹnu rẹ̀, ẹ fún un lómi mu, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Pèrègún ni èmi yóò yàn. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Pèrègún ẹ̀yìnkùlé wa yìí ni àwọn ará Yúróòpù ń fowó rà sí pálọ̀ wọn. Èyí tí ó ní ilà aláwọ̀ ìyeyè láàrin ewé ló wù mí jù. Kò fẹ́ oòrùn gangan. Ìgbà tí ojú ilẹ̀ rẹ̀ bá gbẹ ni kí ẹ bomi rin ín. Ẹni tí ó bá ń sin ajá tàbí ológbò ni kí ó gbé e sókè, nítorí ewé rẹ̀ a máa mú wọn bì.