Adìyẹ tí kò lè dìde kò lè mówó wọlé: Ọ̀rọ̀ rèé fún àwọn tó ń sin bróílà

Bí ọdún Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, táwọn ẹgbẹ́ Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ nílùú Ìjẹ̀bú-Òde sì ń múra Ojúde Ọba, tó máa ń wáyé lọ́jọ́ kẹta ọdún náà, inú àwọn tó ń sin adìyẹ máa ń dùn. Àsìkò ọjà wọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n àsìkò yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ máa ń fi ìkánjú ba ọjà ara wọn jẹ́. Wọ́n á tan iná mọ́jú kí adìyẹ lè máa jẹun tọ̀sán tòru, wọ́n á sì kó wọn há mọ́ra. Kó tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, àwọn kan á ti máa fi àyà wọ́lẹ̀.

Kí ló ń fà á? Ọmọ bróílà tí kò ju nǹkan bíi gíráàmù 40 lọ lọ́jọ́ tí wọ́n pa á lè wọn kílò 2 láàárín ọ̀sẹ̀ 6. Ẹran ara rẹ̀ ń yára ju egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ méjì yẹn náà ló máa gbé gbogbo ẹrù ọ̀hún. Bí kálísíọ́ọ̀mù, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tàbí fítámì D3 bá tún dín nínú oúnjẹ rẹ̀, egungun á rọ̀, á sì wọ́.

Òfò ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, nítorí oúnjẹ ló ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí à ń ná sórí adìyẹ. Ká ní ẹ sin 200, tí 10 dùbúlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, wọ́n ti jẹ oúnjẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko tán. Wọn ò ní lè dé ìdí oúnjẹ àti omi mọ́, wọ́n á rù, àwọn tó lágbára á sì máa tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Èkíní, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀. Ẹ ka ọ̀sẹ̀ 8 sẹ́yìn láti ọjọ́ ọdún kẹ́ ẹ tó ra ọmọ adìyẹ, ẹ má ka 6. Ẹ rántí pé Iléyá máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 ṣáájú ti èṣí.

Èkejì, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ pa iná fún wákàtí 4 sí 6 lóru. Bí wọ́n ṣe ń sinmi ni egungun ń rí àyè le.

Ẹ̀kẹta, ẹ má fi eèrí àgbàdo bu lé oúnjẹ tó péye kó lè pọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń po oúnjẹ fúnra yín, ẹ wọn egungun lílọ̀ bó ṣe yẹ, torí bó bá pọ̀ jù, ó ń ṣèpalára.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má kó ju 10 lọ sí àyè tó gùn ní mítà 1, tó sì fẹ̀ ní mítà 1. Lọ́dún 2025, ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ni Iléyá bọ́ sí, ìgbà òjò gan-an. Èérún pákó tó bá tutù á máa bó àtẹ́lẹsẹ̀ adìyẹ, nítorí náà ẹ tètè máa pààrọ̀ rẹ̀.

Bí púpọ̀ bá rọ lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè jẹ́ àrùn. Dókítà ẹran ni kẹ́ ẹ pè, ẹ má kàn máa da oògùn sómi.

Láti ọdún 2003 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de adìyẹ tútù láti òkè òkun. Ọjà wà fún yín. Ohun tá a bá fẹ̀lẹ̀ mú kì í bàjẹ́.