Síso Agogo Ilé-ìwé Oní-fóótì 12 mọ́ Táímà àti Rílè ní Agbègbè Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

Ìfáàrà
Ní Ajégúnlẹ̀, àti ní Àpápá tí ó múlé tì í, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé iná mànàmáná lè lọ nígbàkigbà. Bí iná bá lọ, agogo ilé-ìwé tí ó gbẹ́kẹ̀ lé iná ilé nìkan yóò dákẹ́. Ìdí nìyí tí agogo tí ń lo bátìrì oní-fóótì 12 fi wúlò. Èròǹgbà wa nínú iṣẹ́ yìí ni láti ṣàlàyé bí olùkọ́ Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ṣe lè so irú agogo bẹ́ẹ̀ mọ́ táímà àti rílè, kí ó sì yẹra fún àṣìṣe kan tí ó lè pa ènìyàn.

Ohun tí rílè jẹ́
Rílè jẹ́ súìṣì tí iná ń tẹ̀ dípò ọwọ́. Apá méjì ni ó ní. Apá kìíní ni wáyà tí a wé mọ́ irin. Bí iná bá gba inú rẹ̀ kọjá, irin náà yóò di òòfà. Apá kejì ni ojú-ìso mẹ́ta: COM, NO àti NC. Bí rílè bá ń sinmi, COM àti NC ni ó fara kanra. Bí òòfà bá fà á, COM yóò kúrò lára NC, yóò sì lọ kan NO. Kò sí wáyà tí ó so apá méjèèjì pọ̀. Rílè dà bí ilẹ̀kùn: ó ń ṣí ọ̀nà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó ń pèsè iná.

Ìdí tí a fi nílò rẹ̀
Táímà tí a ó lò ni 555, èyí tí Hans Camenzind ṣe ètò rẹ̀ ní ọdún 1971. A ó tò ó kí ó lè ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún títẹ bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan. Bí résísítọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ ọ́ọ̀mù 100,000, tí kàpásítọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ maikirofárádì 100, ìsọdipúpọ̀ 1.1 × 100,000 × 0.0001 yóò fún wa ní ìṣẹ́jú-àáyá 11. Ìwọ̀n àkókò yìí ni agogo yóò fi dún. Ṣùgbọ́n 555 kò lè gbé ju miliámípíà 200 lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni agogo lè gba ju ámípíà 1 lọ. Rílè tí wáyà wíwé rẹ̀ jẹ́ ọ́ọ̀mù 400 kò gbà ju miliámípíà 30 lọ ní fóótì 12. Nítorí náà, 555 ni yóò máa darí rílè, rílè ni yóò sì máa darí agogo.

Bí a ṣe ń so ó
(i) Láti ẹnu (+) bátìrì, wáyà yóò gba inú fíúsì lọ sí COM.
(ii) Láti NO, yóò lọ sí agogo. Láti agogo, yóò padà sí ẹnu (−).
(iii) Ẹsẹ̀ 3 ti 555 yóò lọ sí ẹnu kan wáyà wíwé. Ẹnu kejì yóò lọ sí (−).
(iv) A ó so dáyóòdù 1N4007 mọ́ ẹnu méjèèjì wáyà wíwé náà, kí ìlà ara rẹ̀ wà níhà ẹsẹ̀ 3. Nígbà tí iná bá kúrò lójijì, wáyà wíwé máa ń ta fóótì ńlá padà. Dáyóòdù ni kò ní jẹ́ kí ó ba 555 jẹ́.

Bí a bá ṣèèṣì lo NC dípò NO, agogo yóò máa dún láìdákẹ́, àfi ìgbà tí a bá tẹ bọ́tìnì.

Àṣìṣe tí ó léwu
Lára ọ̀pọ̀ rílè tí a ń tà ní ọjà Alábà, a máa ń rí “10A 250VAC”. Ohun tí rílè lè fara dà ni èyí. Kì í ṣe ohun tí ó ń fúnni. Ẹni tí ó bá tìtorí rẹ̀ so iná ilé, tí í ṣe fóótì 230, mọ́ COM yóò jó agogo náà, wáyà tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fọwọ́ kàn yóò sì di ewu ikú.

Àgbálọgbábọ̀
Kí a tó so ohunkóhun, ó yẹ kí olùkọ́ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ìka tọ ipa iná lórí ìwé, kí ó sì bi í pé: “Níbo ni iná agogo ti ń wá?” Bí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ “láti inú rílè”, kò tíì tó àkókò láti fún un ní wáyà.