Bí wọ́n ṣe ń dágbére lédè Estonia, àti ọ̀rọ̀ kan tó yẹ kí àlejò ṣọ́ra fún

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú Tallinn tàbí Tartu, lórílẹ̀-èdè Estonia, kì í pẹ́ kó tó mọ "Tere", ìyẹn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń kí ara wọn bí wọ́n bá pàdé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, kò sì le lẹ́nu. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ pínyà ni wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀. Àlejò lè ṣí ìwé atúmọ̀ èdè kékeré ọwọ́ rẹ̀ láti wá ọ̀rọ̀ ìdágbére, kó rí "hüvasti" níbẹ̀, kó sì sọ ọ́ sí onílé rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ sí kíláàsì. Onílé yóò kàn máa wò ó ni, nítorí ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ fún un ni pé ayálégbé òun ń lọ pátápátá, bóyá àwọn kò sì ní í fojú kan ara wọn mọ́.

Etí Òkun Baltic ni Estonia wà, ní gúúsù Finland, Rọ́ṣíà sì ni wọ́n jọ pààlà ní ìlà-oòrùn. Àwọn èèyàn ibẹ̀ kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.3 lọ. Èdè wọn kò bá ti àwọn ará Rọ́ṣíà tan rárá, bẹ́ẹ̀ ni kò bá ti Latvia tó wà ní gúúsù wọn tan. Èdè Finland ni ìbátan rẹ̀ tó sún mọ́ ọn, ti Hungary sì jẹ́ ìbátan tó jìnnà díẹ̀. Láàárín ọdún 1940 sí 1991, yàtọ̀ sí ọdún mẹ́ta tí àwọn ọmọ ogun Jámánì fi gba ilẹ̀ náà, abẹ́ ìjọba Soviet ni wọ́n wà, èdè Rọ́ṣíà sì gbilẹ̀ níbẹ̀ gan-an. Òfin orílẹ̀-èdè náà tọdún 1992 ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé èdè Estonia ni èdè ìjọba. Abájọ tí inú wọn fi máa ń dùn bí àjèjì bá gbìyànjú láti sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì yọ̀ mọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wọn lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ ìdágbére tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè náà lè lò níbikíbi láìtijú ni "Head aega". Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yóò rí "head", yóò sì fẹ́ pè é bí òyìnbó ṣe ń pe orí. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. "E" ni èèyàn yóò kọ́kọ́ pè, "a" yóò tẹ̀ lé e wéréwéré, "d" ìparí rẹ̀ yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dún bíi "t". Àkókò rere ni ìtumọ̀ rẹ̀. "Hea" ni rere, "aeg" sì ni àkókò, ṣùgbọ́n ara ọ̀rọ̀ méjèèjì yí padà nítorí pé ọ̀rọ̀ kan fara pamọ́ síwájú wọn: "soovin", tó túmọ̀ sí mo ń fẹ́ ẹ fún yín. Ìrísí mẹ́rìnlá (14) ni ọ̀rọ̀ orúkọ lè gbé wọ̀ lédè yìí, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má jẹ́ kí ìyẹn já òun láyà. Ìrísí kan yìí nìkan ti tó láti fi sọ "Head ööd" bí wọ́n bá fẹ́ lọ sùn, àti "Head reisi" fún ẹni tó ń rìnrìn àjò. Wọ́n tún ń sọ "Head teed" fún arìnrìn-àjò, ìyẹn ni pé kí ọ̀nà rẹ̀ dára. Ọ̀rọ̀ kan náà yìí ni wọ́n sì fi ń pe tíì tí wọ́n ń mu, nítorí náà kí àlejò má ṣe rò pé wọ́n fẹ́ bu tíì fún òun lẹ́nu ọ̀nà.

Ibi tí ọmọ Yorùbá ti ní àǹfààní ju òyìnbó lọ wà nínú ẹyọ ìró kékeré kan, "-ni", tí wọ́n máa ń so mọ́ ìdí ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tí "di" ń ṣe nínú "ó dàbọ̀" àti "ó dàárọ̀" gan-an ni "-ni" ń ṣe. Bí Yorùbá bá ń sọ pé ó di ọ̀la, "Homseni" ni ará Estonia yóò sọ. Ó di ìgbà tí a bá tún ríra ni "Nägemiseni", ó di ìpàdé ni "Kohtumiseni". Orí tẹlifóònù, tí kò ti sí ojú tó ń rí ojú, "Kuulmiseni" ni àwọn kan máa ń sọ, ó di ìgbà tí a bá tún gbọ́ ohùn ara wa. Ẹni tó bá ti mọ orúkọ ọjọ́ lè máa hun tirẹ̀ lọ: "reede" ni ọjọ́ Ẹtì, "Reedeni" sì ni ó di ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tó ti ń sọ ó dàbọ̀ láti kékeré kò ní í nílò àlàyé púpọ̀ kó tó yé e.

Èyí tí wọ́n ń gbọ́ jù lọ nílé ìtajà ni "Nägemist", ó fúyẹ́ ju "Head aega" lọ díẹ̀. Ìró àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ ni wọ́n máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ä" inú rẹ̀ kò sí lédè Yorùbá: kí èèyàn fẹ́ pe "ẹ", kó wá la ẹnu ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò sún mọ́ ọn. Wọn kì í fi ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ bíi tiwa, gígùn ìró ni wọ́n ń lò. "Sada" ni ọgọ́rùn-ún. Bí wọ́n bá fa "a" àkọ́kọ́ gùn, ó di "saada", tó túmọ̀ sí fi ránṣẹ́. Bí wọ́n bá tún fà á ju ìyẹn lọ, ó di rí gbà, bẹ́ẹ̀ bákan náà ni wọ́n ń kọ méjì ìkẹyìn yìí sílẹ̀.

"Hüvasti" tó dá wàhálà sílẹ̀ lókè yẹn kì í ṣe èébú. Ọ̀rọ̀ tó níyì ni, àmọ́ ìpínyà tó wúwo ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún: ẹni tó ń kó lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, tàbí òkú tí wọ́n ń sin. Ó di gbére ni ìtumọ̀ rẹ̀ sún mọ́ jù. "Jumalaga", tó túmọ̀ sí pẹ̀lú Ọlọ́run, jẹ́ ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ tó bá a rìn.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ náà wà níbẹ̀. "Sina" ni ìwọ, "teie" sì ni ẹ̀yin, ẹ̀yin yìí ni wọ́n sì ń lò fún àgbàlagbà, òṣìṣẹ́ ìjọba àti ẹni tí wọn kò mọ̀ rí, kódà bó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n ń sọ "Tule jälle" fún, ìyẹn tún padà wá. Àgbà ni "Tulge jälle", ẹ tún padà wá. "-Ge" yẹn ni "ẹ" tiwa. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n bá òun kí ẹlòmíràn nílé yóò sọ pé "Tervitage teda minu poolt", ẹ bá mi kí i. Bí "i" tiwa kò ṣe sọ bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni, bẹ́ẹ̀ náà ni "teda".

Bí àlejò bá sì ń kọjá lọ, tó rí ẹni tó ń kọbè tàbí tó ń la igi, "Jõudu tööle" ló yẹ kó sọ, ìyẹn kí agbára wà fún iṣẹ́. Ẹ kú iṣẹ́ ni o! Onítọ̀hún yóò dáhùn pé "Jõudu tarvis", a nílò agbára lóòótọ́, oníkálukú yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Láàárín ara wọn, àwọn ọ̀dọ́ máa ń sọ "Tšau", wọ́n sì máa ń fi "Davai", tí wọ́n yá lọ́wọ́ èdè Rọ́ṣíà, parí ọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀ láàárín ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ olùkọ́, dókítà tàbí onílé ni, kí àlejò padà sí "Head aega", kó rọra pa ilẹ̀kùn dé.